Ẹyẹ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́jọ ti Adido

Bí Lùkúmọ́nù bá ń wá ibi tí rọ́bà inú táyà ti lu, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń tì í sínú omi, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Àtàǹpàkò rẹ̀ á wà lókè, ìka yòókù á wà nísàlẹ̀, á wá máa yí rọ́bà náà díẹ̀díẹ̀ nínú bàsíà, á sé èémí. Ibi tí omi bá ti hó pútú, tí ìfóòfó kan bíi ẹyin ẹja bá yọ sókè, ibẹ̀ ni á fi ìka kan tẹ̀, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tó ni táyà lè máa kánjú, kámíọ̀ akẹ́rù lè máa fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀, kò kàn án. Omi ló ń wò.

Etí títì tó ti Kùtọ́nu lọ sí Paraku ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, ní àdúgbò Plateau, nílùú Ṣábẹ. Ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún, kò sì tíì gbéyàwó. Kì í ṣe pé ó ní àléébù kan. Ọ̀rọ̀ ni kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin á bá a sọ̀rọ̀, kí ó tó ro ohun tí yóò fi dáhùn, obìnrin náà á ti gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Àdìjá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, a máa sọ pé ìyá àwọn gbé ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé kí àwọn méjèèjì pín in, òun ló kọ́kọ́ débẹ̀, òun sì kó gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Nítorí náà, Rissikatou ló fúnra rẹ̀ wá. Opó ni, ó ń dirun fún àwọn obìnrin lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ti alùpùpù rẹ̀ dé ìsọ̀ Lùkúmọ́nù, ìṣó ló wọ táyà. Ìgbà kejì, ẹ̀gún ni. Ìgbà kẹta, Lùkúmọ́nù yí rọ́bà náà ká nínú omi, ó tún un yí, omi kò hó. Ó gbójú sókè. Rissikatou ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń retí òjò, ní àárín ọ̀gbẹlẹ̀. Lùkúmọ́nù tún gbé ojú sílẹ̀. Ó mú abulẹ̀ kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí kò lu rárá, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i.

"Ó ti dí," ló wí.

Rissikatou ní òun náà ti mọ̀ pé yóò dí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti wọ̀.

Ohun kan wà tí Lùkúmọ́nù kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, bó bá ti kírun tán, kì í padà sí ìsọ̀. Ọ̀nà Adido ló ń gbà, á yà sí ẹ̀yìn òkè àpáta kan, níbi tí wọ́n ti sé omi fún màlúù. Katakata kan tó ń kó ìrèké ló mú un débẹ̀ nígbà kan: táyà rẹ̀ fọ́ létí omi, awakọ̀ lọ wá òmíràn, ó sì pẹ́ kó tó dé. Lùkúmọ́nù jókòó lórí táyà tó fọ́, ó ń wo omi bó ṣe máa ń wò ó, ó ń retí ìfóòfó. Ẹyẹ ló rí.

Lékeléke ń tẹ̀lé màlúù kiri pẹ̀lú ẹ̀wù funfun bí ọ̀gá tí wọ́n ní kó wá bójú tó iṣẹ́. Ẹyẹ dúdú kan na ìyẹ́ méjèèjì bo orí ara rẹ̀ bí agboòrùn, ó dúró sábẹ́ òjìji tó dá fúnra rẹ̀, ó ń yọ ẹja jẹ níbẹ̀. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó olójú funfun ń súfèé fún ara wọn bí àwọn ọ̀dọ́ oní-zémijàn, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, bí wọ́n bá rí ọmọge. Pẹjapẹja kan dúró sójú kan lófuurufú, ó ń fi ìyẹ́ lu afẹ́fẹ́ pìtìpìtì, ó já sínú omi bí òkò, ó jáde láìmú nǹkan kan, ó bà sórí igi, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹnìkan rí òun. Lùkúmọ́nù rí i. Ẹ̀rín ló ń rín nígbà tí awakọ̀ fi dé, kò sì lè sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ló ti di èrò ibẹ̀. Èyí tó fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn pọ́n bí obì, ọrùn rẹ̀ funfun, iwájú orí rẹ̀ sì dà bí aró tí wọ́n fi omi là. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Òun ló fi ń rìn lórí ewé òṣíbàtà láìrì: á gbé ẹsẹ̀ kan sókè pátápátá, á ro ó, á gbé e sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, bí àna tuntun tó ń kọjá láàárín àwọn àgbà tó na ẹsẹ̀ sílẹ̀. Lùkúmọ́nù kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Arìnlórí-ewé.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀, iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í ta, àwọn ẹbí Lùkúmọ́nù sì mú ọjọ́ Àìkú kan láti lọ fi ojú han àwọn ẹbí Rissikatou. Lùkúmọ́nù tètè jí lọ́jọ́ náà. Ó wọ agbádá funfun tí Àdìjá dá fún un, ó rí i pé àkókò ṣì wà. Ó ní kí òun lọ wo omi díẹ̀ kí ara òun lè balẹ̀.

Bó ṣe dé etí omi, Arìnlórí-ewé kan dìde láàárín òṣíbàtà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Lùkúmọ́nù wò ó. Ó nu ojú, ó tún wò ó. Ẹsẹ̀ ẹyẹ náà kì í ṣe méjì. Àwọn ẹsẹ̀ tín-ín-rín gígùn ń já wálẹ̀ lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń mì bí okùn ìbàǹtẹ́. Ó kà wọ́n. Mẹ́jọ ni. Ẹyẹ náà kó gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú koríko, kò sì tún jáde. Lùkúmọ́nù tẹ̀ lé e wọ omi dé orúnkún, tòun ti agbádá, ó dúró síbẹ̀, ó ń retí. Nígbà tó rántí ibi tó yẹ kó wà, oòrùn ti wà láàárín orí.

Nílé àwọn Rissikatou ní Adido, gbogbo èèyàn ti jókòó. Bàbá Moussa ló wà lórí àga ńlá. Àbúrò bàbá Rissikatou ni, ó ní oko iṣu àti oko kajú ní Adido, láti ìgbà tí bàbá Rissikatou sì ti kú, òun ló ń dúró bíi bàbá. Àwo obì wà níwájú rẹ̀. Nínú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń tọrọ ìyàwó kì í lanu. Á dọ̀bálẹ̀, á dìde, á jókòó síbi tí wọ́n bá fi í sí, àwọn èèyàn rẹ̀ á bá a sọ ohun gbogbo. Nínú gbogbo àṣà Ṣábẹ, èyí ni Lùkúmọ́nù fẹ́ràn jù.

Àdìjá ti bá ọ̀rọ̀ dé ibi tó dùn. Wọ́n ti bi í pé ọkọ ìyàwó dà, ó sì ti dáhùn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì: kámíọ̀ kan tó kó òwú ló fọ́ táyà lójú títì, ó dábùú ọ̀nà, ọkọ̀ tó gbé aláìsàn wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò rí ọ̀nà kọjá, àbúrò òun kò sì jẹ́ fi ọmọ èèyàn sílẹ̀ kó kú nítorí pé ó ń lọ gbéyàwó. Àwọn obìnrin ilé ń mi orí. Ìyá àgbà kan ti ń nu ojú. Bàbá Moussa ti ń na ọwọ́ sí àwo obì.

Ìgbà náà ni Lùkúmọ́nù wọlé, omi ń kán lára rẹ̀ láti orúnkún wálẹ̀, ewé òṣíbàtà kan lẹ̀ mọ́ agbádá rẹ̀ lẹ́yìn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá Moussa kí i kú iṣẹ́, ó ní kámíọ̀ náà ńkọ́, ṣé ó ti rọ́nà lọ.

Ó yẹ kó dákẹ́. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi dákẹ́, ọjọ́ yìí gan-an ni ìdákẹ́ ì bá sì wúlò fún un. Ṣùgbọ́n ẹyẹ náà ti kún inú rẹ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun.

"Bàbá, ẹyẹ ni," ló wí láti ilẹ̀ tó wà. "Mo rí ẹyẹ kan tó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ."

Lẹ́yìn aṣọ ojú ilẹ̀kùn yàrá, níbi tí wọ́n fi ìyàwó pamọ́ sí, ẹ̀rín kan bú jáde, ẹnìkan sì fi ọwọ́ bo ẹnu ẹni tó ń rín in. Gbogbo wọn mọ ẹ̀rín náà.

Bàbá Moussa kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Lùkúmọ́nù, ó wo Àdìjá.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kámíọ̀. Ìwọ ní ẹyẹ. Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ló ń purọ́ fún mi nínú ilé mi?"

Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu Àdìjá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Bàbá Moussa ṣí fìlà lórí, ó fi bo àwo obì. Ó ní òun ti ń gba ẹ̀bá omi náà lọ sóko láti ìgbà tí òun ti ń tẹ̀lé bàbá òun, ẹsẹ̀ méjì ni òun mọ̀ mọ́ ẹyẹ. Òun kò bínú. Ọjọ́ tí òun bá fi ojú ara òun rí ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, ọjọ́ náà ni a ó la obì. Bí òun kò bá rí i, kí Rissikatou wá ẹlòmíràn tí orí rẹ̀ pé.

Àdìjá rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lójú ọ̀nà. Ó bá Lùkúmọ́nù wí láti Adido dé Plateau láìdúró mí. Ó ní ṣé kò lè mú sùúrù kó gbé ìyàwó délé ná, lẹ́yìn ìyẹn ì bá rí ẹyẹ tó ní igba ẹsẹ̀, ta ni yóò bi í. Lálẹ́, Rissikatou pè é lórí fóònù, kò sì tíì rẹ́rìn-ín tán.

"Ẹ̀gbọ́n Lùkú, ṣé mẹ́jọ ni lóòótọ́?"

"Mẹ́jọ ni."

"Ẹ lọ wá a, ẹ fi han Bàbá. Èmi ò ní lọ wá ẹni tí orí rẹ̀ pé."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ láràárọ̀ kó tó ṣí ìsọ̀. Ó ń dọ̀bálẹ̀ sínú koríko bí ìgbà tó dọ̀bálẹ̀ fún àna, ó ń wo omi. Ní ọjọ́ kan, àwòdì kan fò kọjá lókè. Àwọn ọmọ ẹyẹ mẹ́ta ń sáré lórí ewé, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju èso kajú lọ, wọ́n gùn lẹ́sẹ̀ bí ẹni tó wọ sòkòtò àgbà. Arìnlórí-ewé lóṣòó, ó ya apá sílẹ̀ díẹ̀. Àwọn ọmọ náà sáré wá, wọ́n wọ abíyá rẹ̀, ó pa apá dé, ó dìde. Méjì tirẹ̀, mẹ́fà tiwọn, tó ń já wálẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọ tó sùn sẹ́yìn ìyá. Lùkúmọ́nù ti fìlà rẹ̀ bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà lé ẹyẹ náà lọ.

Ó fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, ó mú un lọ bá Bàbá Moussa. Bàbá Moussa yí fóònù náà sókè, ó yí i sódò, ó ní kòkòrò iṣu ni. Lùkúmọ́nù ṣàlàyé fún un, díẹ̀díẹ̀, pé àwọn ọmọ ló wà lábẹ́ ìyẹ́. Bàbá Moussa ní ẹni tó bá lè ro irú èyí á lè ro òmíràn. Lọ́rọ̀ kan, kí òun fi ojú ara òun rí i. Lùkúmọ́nù bi í pé ìgbà wo wá ni. Bàbá Moussa ní bí òun bá wa iṣu tuntun tán. Kò sẹ́ni tó ń fi iṣu tuntun sílẹ̀ nílẹ̀ lọ wo ẹyẹ.

Oko iṣu náà fẹ̀. Àwọn ọmọ ẹyẹ sì ń dàgbà. Ní gbogbo àárọ̀ tí Lùkúmọ́nù bá dé etí omi, ẹsẹ̀ wọn ti gùn sí i, ọrùn wọn ti ń yọ jáde lábẹ́ ìyẹ́. Ó rí i kedere pé kò ní pẹ́ tí wọn ò ní gba ibẹ̀ mọ́, ẹyẹ á padà di ẹlẹ́sẹ̀ méjì bíi gbogbo ẹyẹ, òun á sì di elékèé títí láé. Kò lè sọ fún ẹyẹ pé kó má tọ́ ọmọ. Ohun tó kù ni iṣu.

Ó lọ bá àwọn oní-zémijàn tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ táyà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wá, gbogbo wọn, tàwọn ti ẹ̀wù iṣẹ́ wọn. Bàbá Moussa ń bọ̀ wá sóko láàárọ̀, ó rí alùpùpù tó tò lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni pé ìsìnkú wà lóko òun. Ó ní ọ̀wẹ̀ wo nìyí, ṣebí ẹni tí wọ́n ti fún níyàwó ló ń ṣe ọ̀wẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn dá a lóhùn pé bàbá, àwa ò mọ̀ nípa ìyàwó, ẹyẹ ni wọ́n bá wa sọ. Wọ́n wa iṣu náà tán kó tó dalẹ́. Wọ́n ṣẹ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Bàbá Moussa kó èyí tó ṣẹ́ jọ sọ́tọ̀, ó wò ó títí.

"Ó dáa," ló wí. "Lọ́la. Kí n tó rántí iye tó ṣẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ẹbí tún péjọ nílé, Àdìjá pẹ̀lú wọn. Ó ti búra pé òun kò ní sọ ohunkóhun. Wọ́n gbé obì mìíràn sínú àwo. Bàbá Moussa dé fìlà rẹ̀, ó tẹ̀ lé Lùkúmọ́nù, àwọn méjì péré, wọ́n sọdá ẹ̀yìn àpáta lọ sétí omi.

Wọ́n dojú bolẹ̀ sínú koríko, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó pẹ́ kí ohunkóhun tó mì. Bàbá Moussa ní èèrà ń jẹ òun. Lùkúmọ́nù nawọ́.

Arìnlórí-ewé jáde, àwọn ọmọ mẹ́ta tẹ̀ lé e. Wọ́n ti tóbi. Ó lóṣòó, ó ya apá sílẹ̀, wọ́n sì ń ti ara wọn kí wọ́n lè wọlé. Ọ̀kan wọlé. Èkejì ti orí bọ ibẹ̀, ìdí rẹ̀ wà níta. Ẹ̀kẹta gun orí èkejì. Ẹyẹ náà gbìyànjú láti dìde, ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó fi àyà lulẹ̀ lórí ewé, gbogbo wọn tú jáde. Ó lóṣòó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀kan ṣoṣo ló bá a dìde.

"Mẹ́rin," ni Bàbá Moussa wí.

"Ẹ mú sùúrù, Bàbá."

"Mẹ́rin ni mo rí. Mi ò purọ́ mọ́ ẹyẹ." Ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ ilẹ̀ láti dìde, ilẹ̀ etí omi náà sì ti rọ̀. Ó yọ̀. Lùkúmọ́nù di ẹ̀wù rẹ̀ mú, ẹ̀wù fà á, Bàbá Moussa wọ omi pẹ̀lú orí níwájú, Lùkúmọ́nù tẹ̀ lé e.

Gbogbo omi dàrú. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ gbéra, wọ́n ń súfèé. Lékeléke fò kúrò lẹ́yìn màlúù. Nígbà tí Bàbá Moussa yọ orí jáde, omi dé e láyà, fìlà rẹ̀ sì ti léfòó lọ sáàárín òṣíbàtà. Níwájú imú rẹ̀ gan-an, Arìnlórí-ewé ti lóṣòó. Ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí ó ro bí àyè ti fún tó. Ó gbá ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ abíyá, lọ́tùn-ún, lósì, ó dìde pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ẹnu ọ̀kan nínú wọn yọ síta lábẹ́ ìyẹ́ bí ọmọ tó ń yọjú lójú fèrèsé. Ó rìn. Àwọn ẹsẹ̀ já wálẹ̀, wọ́n ń mì.

Bàbá Moussa yọ ìka kan jáde nínú omi, ó kà wọ́n dé mẹ́jọ. Kò jẹ́ kí ohùn jáde. Ẹyẹ náà dé ibi fìlà, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó ro ó, ó gbé e lé orí fìlà. Fìlà gbà á. Ó lóṣòó síbẹ̀, ó ya apá, àwọn ọmọ jábọ́ sínú fìlà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jókòó.

Bàbá Moussa fi ọwọ́ bo ojú. Ẹ̀rín tó rín kò ní ohùn, ó kàn ń mi omi káàkiri. Nígbà tí Lùkúmọ́nù nawọ́ sí fìlà náà, Bàbá Moussa gbá a lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì jáde nínú omi.

Nílé, ìró bàtà wọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Bàbá Moussa wọlé, kò sí fìlà lórí rẹ̀, ẹrẹ̀ dé e ní irùngbọ̀n, ewé òṣíbàtà kan lẹ̀ mọ́ èjìká rẹ̀. Gbogbo èèyàn dìde. Ìyàálé ilé bi í pé kí ló dé, fìlà rẹ̀ dà, ta ló tì í sómi. Lùkúmọ́nù dọ̀bálẹ̀, ó sì pa ẹnu dé pinpin.

Bàbá Moussa jókòó lórí àga ńlá, omi ń kán sílẹ̀. Ó wo Lùkúmọ́nù nílẹ̀. Ó wo Àdìjá fún ìgbà pípẹ́.

"Kámíọ̀ kan ni," ló wí. "Táyà rẹ̀ fọ́ lójú títì."

Àdìjá gbójú sókè, ìbúra rẹ̀ sì ti já.

"Kámíọ̀ òwú," ló wí. "Ó dábùú ọ̀nà."

"Òwú ni," ni Bàbá Moussa wí. "Ẹ gbé àwo yẹn wá."

Lẹ́yìn aṣọ ojú ilẹ̀kùn, ẹ̀rín bú jáde, kò sì sẹ́ni tó fi ọwọ́ bo ẹnu ẹni tó ń rín in. Bàbá Moussa la obì, ó pín in. Lùkúmọ́nù fi ọwọ́ méjèèjì gba tirẹ̀, ó jẹ ìdajì, ó fi ìdajì sápò. Nígbà tí ariwo pọ̀ nínú ilé, ó dìde, ó wá bàtà rẹ̀ láàárín bàtà ẹnu ọ̀nà, ó da omi inú rẹ̀ nù, ó wọ̀ ọ́. Ó jáde sí títì, kò yà sí ọ̀nà ìsọ̀. Ẹ̀yìn àpáta ló kọrí sí, bàtà rẹ̀ ń dún fọ́ṣọ́ fọ́ṣọ́, ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè gan-an, ó ń gbé e sílẹ̀ pẹ̀lẹ́.